Joe Bullet àti Adùn Sinimá Olówó Pọ́ọ́kú

Bí ẹ bá wo Joe Bullet lónìí, ẹ ó rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kí ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, síbẹ̀ ẹni tí kò bà á ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn ọ̀daràn inú rẹ̀ ní ọ̀bẹ, wọ́n ní bọ́ǹbù tí wọ́n ń dẹ sínú mọ́tò, làákàyè nìkan ni wọn ò ní. Ìtàn náà ò le: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Eagles fẹ́ gbá àṣekágbá, àwọn jàǹdùkú kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Joe Bullet. Nílé mi ní Johannesburg níbí, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì tíì sú mi.

Aláwọ̀ funfun ló ṣe é, Tonie van der Merwe, oníṣẹ́ ilé kíkọ́. Louis de Witt ló darí rẹ̀. Lọ́dún 1973, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n fi hàn ní sinimá Eyethu ní Soweto kí ìjọba tó fòfin dè é. Kò ṣòro láti mọ ohun tó bà wọ́n lẹ́rù. Ọkùnrin dúdú ń wa mọ́tò aláràbarà, ó mú ìbọn lọ́wọ́, ó ń lu ẹni tó bá wù ú, kò sì sí aláwọ̀ funfun kankan tó ń pàṣẹ fún un. Kò sọ̀rọ̀ òṣèlú kankan o! Ìgbádùn lásán ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń dùn mí. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà dá ètò owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní B-Scheme, fún fíìmù tí wọ́n bá fi èdè àwọn ènìyàn dúdú ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn olùdarí náà ni kò gbọ́ èdè tí àwọn òṣèré wọn ń sọ. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí kò gbọ́ Zulu ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ Zulu náà ti dára tó. Gbọ̀ngàn ìjọ, ilé ìwé àti ibùgbé àwọn awakùsà ni wọ́n ti ń fi wọ́n hàn. Ní ti uDeliwe, tí Simon Sabela, ọmọ Zulu fúnra rẹ̀, darí ní 1975, ọmọbìnrin abúlé ló lọ rí màbo nílùú Johannesburg. Kí ọdún 1980 tó dé, àṣírí tú pé owó abẹ́lẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ló wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, Heyns Films.

Ní 1976, nígbà tí Ola Balogun gbé Àjànì Ògún jáde nílé wa, àwọn òṣèré tíátà tiwa bíi Dúró Ládípọ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tí èdè dùn dé. Àwọn òṣèré ibí náà mọ̀ ọ́n. Owó àti àṣẹ ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan ní kò yẹ ká gbádùn irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ò gbà. Ẹ wo Ken Gampu bó ṣe ń rìn wọ inú yàrá, ẹ wo Abigail Kubeka, akọrin, bó ṣe ń wò ó. Kò sí òfin ìjọba tó kọ́ wọn nìyẹn. Àléébù fíìmù náà kún inú agbọ̀n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò sí lára rẹ̀.

Ọdún 2014 ni wọ́n tún Joe Bullet ṣe tí wọ́n sì gbé e jáde padà. Gampu ti kú ní 2003.