Ibùdókọ̀ Rélùwéè Bekwai

Ibùdókọ̀ yìí wà ní gúúsù Kumasi, ní Gánà, lójú irin tó ti Sekondi wá. Góòlù ló mú kí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rélùwéè náà ní 1898. Ó dé Tarkwa ní 1901, Obuasi ní 1902. Ó gba Bekwai wọ Kumasi ní 1903, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun tí Yaa Asantewaa bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Àárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1,067, gẹ́gẹ́ bíi ti rélùwéè àtijọ́ Èkó sí Ìbàdàn.

Kòkó ló wá sọ ibùdókọ̀ Bekwai di ojúkò òwò. Ẹrù tí alárù ń fi orí rù ní ọjọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń bá ọkọ̀ ojú irin dé etíkun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dunni pé wọn kò tọ́jú irin náà. Ọkọ̀ àjàgbé gba kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì dáwọ́ dúró níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000.