Oyin Carlinville àti Ẹ̀rí Inú Àpótí

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé àwọn kòkòrò tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara òdòdó kan dé òmíràn, tí ewéko fi ń so èso, ti dínkù ju ti àtijọ́ lọ, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ní àtijọ́ náà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń padà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú òkú oyin, labalábá àti agbọ́n sínú àpótí. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún kòkòrò kọ̀ọ̀kan, ìwé pélébé kan a sì wà lára abẹ́rẹ́ náà tó sọ ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ẹni tó mú un. Bí ìwé náà bá sọnù, kòkòrò yẹn kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun mọ́.

Carlinville, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀kan lára ẹ̀rí tó jinlẹ̀ jù lọ nínú irú ìwádìí yìí ti wá. Láti nǹkan bí ọdún 1884 títí di 1916 ni Charles Robertson fi ń mú kòkòrò lórí òdòdó ní àyíká ìlú náà, ìwé rẹ̀ tó jáde ní òpin àwọn ọdún 1920 sì to àwọn kòkòrò tó ń bẹ irúgbìn 453 wò lẹ́sẹẹsẹ. Kì í ṣe ìbẹ̀rù pé kòkòrò lè run ló mú un ṣe é. Ó fẹ́ mọ bí òdòdó àti kòkòrò ṣe ń bá ara wọn mu. Síbẹ̀, nítorí pé ó kọ òdòdó tó ti bá kòkòrò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ wúlò ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ lè rò lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí méjì, John Marlin àti Wallace LaBerge, lọ síbẹ̀ láti tún wá àwọn oyin náà, wọ́n sì rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oyin tí wọ́n wá. Nígbà tí Laura Burkle, Marlin kan náà àti Tiffany Knight tún yẹ ibẹ̀ wò ní 2009 àti 2010, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ewéko igbó 26 tí wọ́n dojú kọ ṣì wà, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yà oyin 109 tí Robertson rí lórí wọn, nǹkan bí ìdajì kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni nínú ìpàdé oyin àti òdòdó 532 tó kọ sílẹ̀, 407 ni wọn kò rí mọ́. Apá tó pọ̀ nínú igbó náà ti di oko, ooru tó ń pọ̀ sí i sì ti da àkókò rú, tí òdòdó kan fi lè tanná kí oyin tó ń jẹ lára rẹ̀ tó jáde. Ohun ìbànújẹ́ gbáà ni pé ewéko lè dúró sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un ti lọ.

Nílẹ̀ Netherlands náà, lẹ́búlẹ́bú tó ṣì lẹ̀ mọ́ ara òkú oyin tí wọ́n mú ṣáájú ọdún 1950 ni àwọn olùwádìí yẹ̀ wò, ó sì hàn pé àwọn oyin tí ewéko tí wọ́n fẹ́ràn ń pòórá ni àwọn náà dínkù jù.

Ṣùgbọ́n àpótí lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé àwọn tó ń mú kòkòrò nígbà náà a máa fẹ́ èyí tó ṣọ̀wọ́n, wọn a sì fi èyí tó wọ́pọ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ìpín tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kó nínú àkójọ ni wọ́n ń fi wéra, kì í ṣe iye rẹ̀ gan-an. Báyìí ni Sydney Cameron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2011, nígbà tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó lé ní 73,000 wé oyin onírun ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní bumblebee, tó lé ní 16,000 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú: ẹ̀yà mẹ́rin nínú mẹ́jọ ti dínkù, àwọn kan títí dé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà, Bombus affinis, ni ìjọba Amẹ́ríkà fi sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀dá tó fẹ́ parun ní ọdún 2017.