Ilé Iṣẹ́ Wó, Pọ́ǹpù Epo Rẹ̀ Kò Kú

Ọkọ̀ Morris Minor kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà ilẹ̀ wa. Ní ayé ìjọba amúnisìn, ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba fi ń yangàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ṣe é, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ń rìn lójú títì títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan, tí kò ju ohun tí ọwọ́ méjì lè gbá mú, lè sọ ọ́ di ère lójú kan náà. Ohun náà ni pọ́ǹpù tó ń fa epo láti inú táńkì lọ sínú kabúrétọ̀. Wíwá ojúlówó ẹ̀yà ara rẹ̀ ti di iṣẹ́ fún àwọn kan, ó sì ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá bá wó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná bátìrì yóò wọ inú kọ́ìlì pọ́ǹpù, kọ́ìlì yóò di òòfà, òòfà yóò fa irin kan, irin náà yóò sì fa awẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní dáyáfírámù. Èyí ló ń fa epo wọlé. Bí irin náà bá dé ibi tó yẹ, ojú iná méjì tó fẹnu kora yóò ya, iná yóò já, sípíríǹgì yóò sì ti epo jáde lọ sí kabúrétọ̀. Ohun tí etí ń gbọ́ ni kọ́-kọ́-kọ́, tí yóò máa falẹ̀ bí kabúrétọ̀ bá ti ń kún. Ìtapàrà iná ló ń jó ojú iná méjì yìí díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá jó tán, pọ́ǹpù yóò dákẹ́, ọkọ̀ yóò sì dúró. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ mọ ọgbọ́n kan: wọn a fi sípánà lu pọ́ǹpù náà jẹ́jẹ́, kó lè gbé wọn délé.

SU ni orúkọ tó wà lára pọ́ǹpù yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Skinners Union. Ìdílé oníbàtà ni ìdílé Skinner. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, George Herbert Skinner ṣe kabúrétọ̀ kan tí wọ́n fi awọ ṣe ẹwìrì inú rẹ̀. Òun àti Thomas Carlyle, àbúrò rẹ̀, ló sọ iṣẹ́ náà di ilé iṣẹ́. Ní 1926, William Morris, ẹni tó wá di Lord Nuffield, ra ilé iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù oníná SU di ohun tí a ń bá lára ọkọ̀ Morris, MG àti Jaguar.

Ọjà yẹn gbòòrò. Morris Minor, tí Alec Issigonis ya, jáde ní 1948, wọ́n sì ṣe ju 1,600,000 lọ. MGB jáde ní 1962, wọ́n ṣe ju 500,000 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1980. Ṣùgbọ́n ilé tó bí wọn kò dúró. Morris àti Austin para pọ̀ ní 1952, wọ́n di British Leyland ní 1968, ìjọba gbà á ní 1975, àṣẹ́kù rẹ̀ tó ń jẹ́ MG Rover sì wó ní 2005. Ìdílé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni ìwópalẹ̀ náà bá. Bí ilé iṣẹ́ bá ti lọ, ta ni yóò wá máa ṣe ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ tó ti tà?

Àwọn kan gba ọ̀nà ọjà lọ. Láti 1967 ni wọ́n ti ń ná ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ ní Beaulieu, ní agbègbè Hampshire, níbi tí ènìyàn ti lè fi odindi ọjọ́ kan tú inú àpótí onípáńtí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í wo ẹwà pọ́ǹpù. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ ló máa ń wá, nítorí níbẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ wà. AUA 66, fún àpẹẹrẹ, ni ti Morris Minor tó ń lo bátìrì fóòtì 12. Ṣùgbọ́n síkúrúù ló so irin náà mọ́ ọn. Ohun tí a fi síkúrúù so, ọwọ́ ayédèrú lè tú u.

Ewu mìíràn tún wà. Ẹlòmíràn a rí pọ́ǹpù tí kò tíì jáde nínú páálí láti ogójì ọdún, inú rẹ̀ a dùn pé ojúlówó pọ́ńbélé ni òun rà. Bẹ́ẹ̀ ni, ojúlówó ni, ṣùgbọ́n dáyáfírámù inú rẹ̀ lè ti gbẹ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ ní ilé epo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ní ètánọ̀ọ̀lù tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó lè ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Epo tó bá ń jò nítòsí ẹ́ńjìnnì gbígbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀nà tó já gaara wá láti ibòmíràn. Orúkọ SU kọjá lọ́wọ́ onírúurú olówó kí Burlen, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Salisbury, tó gbà á ní 1996. Wọ́n ṣì ń ṣe pọ́ǹpù náà, dáyáfírámù rẹ̀ àti ojú iná rẹ̀, ní ìlànà ti àtijọ́. Wọ́n tún ń ṣe irú èyí tí kò lo ojú iná mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ irú èyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bátìrì rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló so ẹnu pọ́sítífù mọ́ ara ọkọ̀, yàtọ̀ sí ti òde òní.

Àwọn kan ń sọ pé bí a kò bá rí àdàn, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ ni èyí. N kò fara mọ́ ọn. Ohun tó ń sọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ di ojúlówó kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Òun ni pé ó bá ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà là kalẹ̀ mu, kò sì ní pa ẹni tó ń wà á. Àwọn ilé ńlá wó, àwọn ọ̀gá wọn lọ, ìjọba pàápàá gbà á títí ó fi sú u. Ohun tó ń gbé Morris Minor rìn lónìí ni pé ẹnì kan rà á sọ́kàn pé kí ìlànà bí a ṣe ń ṣe pọ́ǹpù kékeré kan má ṣe bá ilé iṣẹ́ tó ni ín lọ. Ilé iṣẹ́ yòówù tó bá ń palẹ̀ mọ́, níbikíbi láyé, ìwé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yọ nínú iná.