Pẹpẹ àti Akèrègbè Nínú Ọrọ̀ Ajé Ekìtì

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí wọ́n bá ti pa òwe yìí tán níbi ìpàdé, ohun tí à ń gbọ́ tẹ̀lé e ni pé kí gbogbo wa fọwọ́sowọ́pọ̀. Ìtumọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò kárí òwe. Òwe ò ní kí tọmọdé tàgbà jọ nawọ́ síbì kan náà. Ibi tí ọwọ́ kálukú mọ ló sọ. Àgbà tó bá fi ipá ki ọwọ́ bọ akèrègbè, bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá há, akèrègbè á fọ́. Ọmọdé tó bá sì ń fò mọ́ pẹpẹ, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni yóò dà nù.

Nínú ọrọ̀ ajé, ìjọba ni àgbà, ọjà ni ọmọdé. Àwọn kan ní kí ìjọba yọwọ́ pátápátá, kí ọjà máa darí ara rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìjọba ló yẹ kó dá iye lé ọjà, kó sanwó ìwòsàn, kó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró rí ní Fájuyì l'Adó-Ekìtì lọ́jọ́ tí epo gbówó lórí á ti gbọ́ méjèèjì, nígbà mìíràn láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Èmi ò pe ìyẹn ní àgàbàgebè. Onítọ̀hún mọ̀ pé ohun kan wà lórí pẹpẹ, òmíràn wà nínú akèrègbè.

Kòkó ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí jù. Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá àjọ tó ń ra kòkó sílẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù. Ní 1954, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹkùn. Àjọ náà nìkan ló láṣẹ láti ta kòkó sókè òkun. Á dá iye kan fún àgbẹ̀; bí ọjà àgbáyé bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, àjọ ló ni èyí tó lé. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ de ọdún tí ọjà bá já ni. Lóòótọ́, owó kòkó tún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe: ẹ wo Cocoa House tó parí n'Íbàdàn ní 1965. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker tó jókòó ní 1962 rí i pé apá kan owó àjọ náà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sápò ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà tó di 1968, owó orí pẹ̀lú iye kòkó tó kéré wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà gbé ìbọn.

Ní 1986, ìjọba Babangida tú àjọ náà ká. Náírà já, owó tó ń wọ ọwọ́ àgbẹ̀ sì fò sókè. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé bí ìjọba ti yọwọ́ nínú akèrègbè, ó kúrò nídìí pẹpẹ náà. Àyẹ̀wò tó mú kí kòkó wa níyì lókè òkun dẹwọ́. Ẹni tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí obì gbé àpò dé oko, ó ń ra tútù, ó ń ra èyí tó bu. Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó kòkó Nàìjíríà kù; ti Gánà tí kò tú àjọ tirẹ̀ ká ṣì níyì.

Kí a má sì yára yin Gánà. Lọ́dún 2024, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là, iye tí ìjọba wọn dá fún àgbẹ̀ kò súnmọ́ ìyẹn rárá, ọ̀pọ̀ kòkó sì gba ojú ọ̀nà fàyàwọ́ lọ sí Tógò àti Côte d'Ivoire. Àgbẹ̀ tiwa jẹ nínú ọjà yẹn tààrà. Nígbà tí ọjà wálẹ̀ ní 2025, òun nìkan náà ló forí fá a. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí ìjọba má dá iye lé kòkó mọ́ láé, kó sì padà sídìí àyẹ̀wò, irúgbìn àti ọ̀nà oko.

Ìlera kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ná iṣu lè fi iṣu sílẹ̀ kó máa lọ. Aláboyún tí ọmọ ń mú kò lè ná dókítà. Nígbà tí Olóyè Adékúnlé Ajásin di gómìnà ní 1979, tí Ekìtì ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, ìwòsàn di ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ tí kò ní orísun owó tó dúró kì í pẹ́ dìwé oògùn tí a ó lọ rà níta. Lónìí, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá (ABUAD) ní ilé ìwòsàn ńlá kan l'Adó tí aládàáni kọ́, ohun èlò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àmọ́ àgbẹ̀ Ìlúpéjú wo ló lè fi owó kòkó ọdún kan sùn níbẹ̀? Adójútòfò ìlera ló lè so àgbẹ̀ àti irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bí a bá sì fi í ṣe ẹni-bá-fẹ́, aláìsàn nìkan ni yóò forúkọ sílẹ̀, àpò á gbẹ. Ìdí nìyẹn tí òfin 2022 fi sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àṣẹ ìjọba nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Ti owó oṣù ńkọ́? Ìjọba Awólọ́wọ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ṣílè márùn-ún lóòjọ́, ó kéré tán, ní 1954. Òfin 2024 dá owó oṣù tó kéré jù lọ sí 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ẹ ka ṣọ́ọ̀bù tó wà láti Ìjìgbò dé Òkèṣà, kí ẹ wo iye tó ní òṣìṣẹ́ 25. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò mọ̀ pé ìjọba dá iye kankan.

Ní ti ilé iṣẹ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá tí wọ́n ṣí l'Adó ní 1967 kò gbé wa débì kankan. Oko màlúù oníwàrà Ìkùn-Ekìtì, ìjọba ló dá a sílẹ̀, ó kú sọ́wọ́ ìjọba. Àfìgbà tí ilé iṣẹ́ aládàáni Promasidor dá sí i ló tún mí. Ìjọba tó bá pèsè iná àti ọ̀nà ti ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹni tó ń wá ìbò bá dé wọ́ọ̀dù yín, tó ní òun yóò dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún yín, ẹ bi í léèrè bóyá nọ́ọ̀sì àti oògùn wà ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.