Kí ló dé tí títú fóònù òde òní fi le ju ti àtijọ́ lọ?

Lọ́dún 1935 ni rédíò tó ń gba orí wáyà wọlé onílé bẹ̀rẹ̀ nílùú Èkó. Yorùbá pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, torí pé ó ń sọ̀rọ̀ láì gba èsì. Ojú kan ló máa ń wà, kò ṣeé gbé jáde.

Àmọ́ lọ́dún 1954, rédíò kékeré kan tó ń jẹ́ Regency TR-1 jáde ní Amẹ́ríkà. Bátìrì ló ń lò, ó sì ṣeé kì bọ àpò. Irú rédíò alágbèéká bẹ́ẹ̀ ló padà tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà.

Ohun inú rẹ̀ kò pọ̀

Ẹni tó bá ní skúrúdíráfà lè tú irú rédíò yìí nílé. Nígbà mìíràn, omi bátìrì ló jò, tó sì jẹ irin tó ń gba iná. Wọ́n á ha á mọ́. Nígbà mìíràn, wáyà sípíkà ló já. Wọ́n á yọ́ òjé díẹ̀ lé e, yóò sì tún fọhùn.

GSM dé Nàìjíríà

Oṣù Kẹjọ, ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Lágbègbè òpópónà Otigba, n'Ìkẹjà, tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ fóònù títúnṣe gbilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Computer Village.

Fóònù ìgbà náà, bíi Nokia 3310, kò ṣòro. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bátìrì.

Nígbà tí iPhone jáde lọ́dún 2007, ẹni tó rà á kò lè fọwọ́ yọ bátìrì rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn náà tẹ̀lé e. Lónìí, gọ́ọ̀mù ló di ọ̀pọ̀ fóònù pa, àfi kí wọ́n fi ooru rọ̀ ọ́ kó tó ṣí. Bí nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó bá sì gún bátìrì lithium inú rẹ̀, ó lè gbiná.

Kí ló ń bọ̀?

Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú, tí kò rí i pààrọ̀, yóò ra fóònù mìíràn, èyí tó ti kú á sì di pàǹtí.

Lọ́dún 2023, Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin pé láti ọdún 2027, bátìrì inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ni ín.

Òfin náà kò dé Ìkẹjà. Àmọ́ fóònù tòkunbọ̀ láti Yúróòpù ń dé ibẹ̀.