Omi Á Wọlé Lọ́sàn-án: Ọjọ́ Kan Pẹ̀lú Ìwọ̀ Onírun ní Zone 4, Abidjan

Aago 5:40 ìdájí

Ẹ̀gbọ́n ti kí ìrun àsùbáà tán, ó ń to ìwọ̀ sínú agolo mílíìkì lórí tábìlì. Sátidé ni, ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Kò sí ìdẹ lára ìkankan nínú àwọn ìwọ̀ náà. Irun funfun ìrù ewúrẹ́ ni ó fi wé wọn, irun tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn alápatà ní ibi ìpẹran Port-Bouët, tí ó fi ọṣẹ fọ̀, tí ó sá sóòrùn. Ó fi irun tí ó pa láró ewé lé e lórí, ó sì ki òwú dídán sí àárín méjèèjì, èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ òkè ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ obìnrin. Níbi ọrùn ìwọ̀ ni ó so irin kékeré olórí méjì mọ́, ó dà bí ojú ẹja, òun náà ló ń mú kí ìwọ̀ doríkodò bí ó bá ń rì. Ará Pennsylvania kan, Bob Clouser, ló dá irú ìwọ̀ yìí sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Clouser ò ní aṣọ òkè ní tirẹ̀.

Bí èyí bá wọ omi, ẹja tó bá rí i á rò pé sáwá ni.

Ọmọ Èjìgbò ni Ẹ̀gbọ́n. Bàbá rẹ̀ ti ń tajà ní Treichville kí wọ́n tó bí i, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú náà, tí Faransé kì í ṣe àjèjì lẹ́nu wọn bí wọ́n tilẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wá lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ ní Ìlú Ọba, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwọ̀ onírun, ní Rutland Water, adágún ńlá tí wọ́n sé ní àwọn ọdún 1970. Ẹja trout tí wọ́n sìn nínú kòtò omi ni wọ́n ń kó dà síbẹ̀, kí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lè rí nǹkan fà. Ìgbà òtútù ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn jù. Ó ní omi á tutù débi pé ẹja ò ní fẹ́ sáré mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó tóbi á jẹ́ kí ìwọ̀ rì dé ìsàlẹ̀, á máa fa okùn díẹ̀díẹ̀, á tún dúró. Kò sí trout ní Abidjan, kò sì lè sí. Omi tó bá ti ju 20 digirí lọ ń ni ín lára, ọ̀sà Ébrié kì í sì í sábà wá sísàlẹ̀ 25.

Bí a ṣe ń di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ijó ní Rue Pierre et Marie Curie.

Aago 6:20

Etí omi ní Biétry. Ọmọ Fàǹtí ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, Vridi ni wọ́n sì bí i sí. Ó wo àwa méjèèjì, ó wo omi.

"Vieux père, ẹ tètè jù. Omi ń jáde. Á di ọ̀sán kí ó tó wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mọ̀. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú ni: ìdájí lòkun kún, á sì máa fà títí di nǹkan bí ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ẹrù tán ò ní padà lọ sùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo bó ṣe rí," ló wí, a wọ ọkọ̀.

Aago 7:00

Omi Biétry ń rùn. N ò ní ọ̀rọ̀ dídùn kan láti fi bò ó. Ilé olówó ló yí i ká, ọgbà tí wọ́n gé lẹ́wà àti ọkọ̀ afẹ́ funfun tí wọ́n so mọ́ èbúté. Ìdọ̀tí ilé àti ti iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ni wọ́n ń tú sí i láti ọdún gbọọrọ. Omi ibẹ̀ kì í tètè pààrọ̀. Àwọn onímọ̀ ní CRO, ilé ìwádìí òkun tó wà ní Rue des Pêcheurs, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí ò tó nísàlẹ̀ omi yìí. Ẹ̀gbọ́n ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fa ọ̀rá dúdú jáde. Ó tú u kúrò, ó fi í sínú ọkọ̀, kò tún jù ú mọ́ títí a fi kọjá lábẹ́ afárá Vridi.

Aago 8:15

Ẹ̀gbẹ́ Île Boulay, níbi tí ẹnu kanáàlì Vridi ti ń wò wá lókèèrè. Níbí ni ó yẹ kí n ti sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀ yìí, nítorí ojú ni mo fi rí i lọ́jọ́ náà.

Kí ọdún 1950 tó dé, iyanrìn ni ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà kọjá lónìí. Àwọn Faransé ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti la ọ̀nà sí òkun níhà Port-Bouët ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iyanrìn sì dí i mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n máa yan Vridi, wọ́n wo ti kòtò inú òkun tí wọ́n ń pè ní Trou sans fond, tó sún mọ́ èbúté gan-an, kí iyanrìn tí ìgbì ń wọ́ kiri lè rí ibi bọ́ sí. Kìlómítà 2.7 ni kanáàlì náà gùn. Wọ́n tún mú un fẹ̀ sí i, wọ́n sì gbẹ́ ẹ jìn sí i, iṣẹ́ tó parí ní 2019. Láti ìgbà tó ti ṣí ni ẹnu odò Comoé ní Grand-Bassam ti ń dí, nítorí omi ti rí ọ̀nà mìíràn tó yá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí ẹni tó ń kó ẹja sí ọ̀sà Ébrié ò wò ó dáadáa. Ní Rutland, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé ẹja wá. Níbí, kanáàlì ni. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń ti ẹnu rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú sáwá àti ohun tó ń lé sáwá.

Aago 9:00 sí 12:00

Kò sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n jù, ó fà, ó pààrọ̀ ìwọ̀, ó tún jù. Omi dúdú ọ̀sà ń ṣàn jáde pẹ̀lú ìyókù ewé ojú omi tí odò Comoé gbé wá nígbà ẹ̀kún, èyí tí iyọ̀ ti ń pa, tó ti di pupa. Kùrukùru ọyẹ́ bo ilé gíga Plateau.

A sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè bóyá adúláwọ̀ náà ní ọgbọ́n kíkó ẹja jọ síbi kan kí a tó pa á. Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, o ò dé Ganvié rí ni?" Àwọn Tòfìnù tó wà lórí omi Nokoué ní Benin máa ń gún ẹ̀ka igi sínú omi, epìyà á wá jẹ ohun tó hù lára igi, á máa gbé ibẹ̀, á máa bí síbẹ̀. Acadja ni wọ́n ń pè é. Ní àwọn ọdún 1980, Saurin Hem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọgbọ́n náà wá sórí ọ̀sà Ébrié, ní ibùdó Layo, wọ́n fi ọparun ṣe é, wọ́n fi àwọ̀n yí i ká, ẹja sì ń sanra láìsí pé ẹnikẹ́ni fún un lóúnjẹ. Mo rò ó pé kò sí ohun tí adágún òyìnbó ní tí èyí ò ní, àfi tíkẹ́ẹ̀tì.

Aago 12:45

Omi dúró. A jẹ garba, atiéké pẹ̀lú ẹja tuna díndín àti ata tútù, láti inú ọ̀rá. Ọmọ Fàǹtí sùn.

Aago 1:50 ọ̀sán

Òun náà ló kọ́kọ́ rí i, bó ṣe jí. Ìlà kan yọ lójú omi, òde rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ ń di aláwọ̀ ewé. Omi òkun ti ń wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọkọ̀ yí orí padà fúnra rẹ̀.

Aago 2:30

Kúta kékeré kan, gígùn rẹ̀ ò ju apá mi lọ. Eyín rẹ̀ gé irun ewúrẹ́ dànù. Ẹ̀gbọ́n dá a padà sómi, ó so ìwọ̀ mìíràn, ó sì fi okùn wáyà kúkúrú ṣíwájú rẹ̀.

Aago 3:10

Àwọn ẹyẹ funfun bẹ̀rẹ̀ sí já lu omi ní ọwọ́ òsì, sáwá sì ń fò jáde. Ọmọ Fàǹtí pa ẹ́ńjìnnì kí a tó dé ibẹ̀, ó jẹ́ kí omi gbé wa lọ.

Ẹ̀gbọ́n dìde dúró. Báàfù oníke kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó ká okùn sí, kí ó má baà kọ́ nǹkan nínú ọkọ̀. Ó fi okùn sẹ́yìn, ó fi í síwájú, lẹ́ẹ̀mejì péré, ó jẹ́ kí ó lọ. Ìwọ̀ bọ́ sí etí agbo sáwá. Ó ki ìdí ọ̀pá bọ abíyá, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn ní yíyára, ọ̀kan gba ọ̀kan. Ẹni tó bá wo bó ṣe sọ pé a ń fa ti trout lásìkò òtútù á rò pé ó ti gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó gbóná ni èyí, ẹja tó ń lé oúnjẹ nínú rẹ̀ ò ní gbà pé sáwá kan ń rìn jẹ́jẹ́.

Okùn dúró gbagidi. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìwọ̀ lè wọlé, okùn tó wà nínú báàfù sì bẹ̀rẹ̀ sí fò sókè, gbogbo rẹ̀ tán, kẹ̀kẹ́ ọ̀pá ń ké. Carangue ni. Ẹja yìí kì í fò bí ó bá ti kọ́ ìwọ̀. Á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ lé omi, á sì máa fà lọ sísàlẹ̀. Ó gbé wa lọ síhà àwọn òkúta. Ọmọ Fàǹtí fi àjẹ̀ yí ọkọ̀, ó ń pariwo ní Faransé pé kí Ẹ̀gbọ́n má dì í mú, kí ó fà á gba ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò dá a lóhùn. Òógùn ń kán létí rẹ̀.

Aago 3:35

Ó ń dún bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tí a gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ewé, abẹ́ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àmì dúdú kan wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Òṣùwọ̀n ìfàkọ́ ní kílò mẹ́fà lé díẹ̀. Òwú aṣọ òkè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Irú èyí lè ju kílò ogún lọ," ni Ẹ̀gbọ́n wí, bí ẹni pé ó ń tọrọ àforíjì fún un. Ó wá rán mi létí pé ìkangun etí òkun wa yìí náà ni wọ́n ti fi ìwọ̀ mú ẹja tarpon tó wúwo jù lágbàáyé, kílò 129.98, ní Rubane ní Guinea-Bissau, ní 2003.

Aago 4:40

Ìgbà yìí gan-an ni omi dára jù. Ẹyẹ pọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n wo aago, ó wo omi, ó tún wo aago. Nàìjíríà máa pàdé Kamẹrúùnù nínú ìdíje bọ́ọ̀lù Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní aago mẹ́jọ alẹ́, ní pápá Félix Houphouët-Boigny ní Plateau, gbogbo ará Èjìgbò tó mọ̀ ló sì máa péjọ sídìí tẹlifíṣọ̀n kan ní Marcory.

"Vieux père, ẹja á ṣì jẹun títí di aago mẹ́fà," ni ọmọ Fàǹtí wí. Ó rọrùn fún un: Ghana, ilẹ̀ àwọn Fàǹtí, ti lọ sílé. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí, Côte d'Ivoire, ni Morocco ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu ikú nígbà tí ó na Zambia.

Ẹ̀gbọ́n ká okùn.

Aago 6:30 alẹ́

Maquis kan, ilé oúnjẹ ìta gbangba, ní ẹ̀yìn Boulevard de Marseille. Obìnrin tó ń yan ẹja fi ìka tẹ carangue náà, ó ní kò ní ọ̀rá nínú bíi ẹja carpe, òun á fi ata àti àlùbọ́sà bò ó kí ó má gbẹ. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba ìrù àti orí pẹ̀lú.

Aago 8:00 sí 10:00

Lookman jẹ góòlù kan ní ìṣẹ́jú 36, ó tún jẹ ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 90. Méjì sí òdo. N ò rántí bí ẹja náà ṣe dùn tó nígbà tí èkejì wọlé, nítorí ẹnì kan da àwo mi nù.

Aago 10:20

Ọmọ Fàǹtí gba owó epo àti owó ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

"Rárá o. Omi ń fi bí ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ́ lójoojúmọ́. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀sán gangan ló máa kún, á wá máa jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí ó wọlé. Ti ọjọ́ 10 oṣù kejì ni kí ẹ mú."

"Ọjọ́ 11 ni àṣekágbá."

"Ẹ ò kúkú ní bá wọn gbá a, vieux père."

Ẹ̀gbọ́n kọ ọjọ́ 10 sínú fóònù rẹ̀.