Dottie West àti Iṣẹ́ Orin Olóhùn Méjì

Nínú orin tiwa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, ẹnì kan ní í lé orin, àwọn yòókù a sì máa gbè é. Ẹni tó ń lé ni olórin. Ẹni tó ń gbè, elégbè ni, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn ju oyin lọ. Orin olóhùn méjì, èyí tí àwọn olórin kọ́ńtírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ di iṣẹ́ ńlá ní ìlú Nashville, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan a dúró sídìí maikirofóònù, ọkùnrin a kọ ẹsẹ kan, obìnrin a fi ẹsẹ kejì dá a lóhùn, ohùn àwọn méjèèjì a sì wá pàdé níbi ègbè. Kò sí elégbè láàárín wọn: àwọn méjèèjì ló ń lé. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá di pé kí a pín iyì, a kì í sábà pín in dọ́gba. Ìtàn Dottie West fi èyí hàn gbangba. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ ni pé òun ni obìnrin tó bá Kenny Rogers kọrin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò pé ni.

Dorothy Marie Marsh ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1932, ní agbègbè ìlú McMinnville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́wàá. Ìṣẹ́ wà nínú ilé náà, ìyà sì tún wà níbẹ̀, nítorí ìkà ni bàbá rẹ̀ jẹ́ sí àwọn ọmọ tó bí. Nígbà tí Dorothy di ẹni ọdún 17, ó dúró níwájú adájọ́, ó jẹ́rìí nípa ohun tí bàbá náà ṣe, wọ́n sì rán bàbá lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kò jáde níbẹ̀ láàyè. Ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ láti fi tọ́ àwọn ọmọ. N kò ní fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ka ìbànújẹ́ inú ohùn obìnrin yìí sí ọgbọ́n orí ìtàgé lásán.

Ó kàwé dé yunifásítì Tennessee Tech ní ìlú Cookeville, níbi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa orin. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Bill West, ẹni tó di ọkọ rẹ̀, tó sì ń ta irú gìtá kan tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí tábìlì, tí wọ́n ń yí irin lórí okùn rẹ̀ títí ohùn yóò fi máa fà bí ẹkún. (Gìtá yìí kò ṣàjèjì sí etí wa: òun ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú King Sunny Adé.) Tọkọtaya náà kó lọ sí ìpínlẹ̀ Ohio, Dottie sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n ní Cleveland. Ní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ Starday gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àwo àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò lọ jìnnà.

Bíro ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, kí ohùn tó tẹ̀ lé e. Òun àti Bill kọ orin kan tí wọ́n pè ní Is This Me, Jim Reeves sì kọ ọ́ ní ọdún 1963. Orin náà gbilẹ̀. Kò pẹ́ tí Dottie fi bọ́ sí ilé iṣẹ́ RCA, lábẹ́ Chet Atkins, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń darí gbígba orin sílẹ̀ ní Nashville nígbà náà. Jim Reeves kò nílò àlàyé púpọ̀ fún wa. Ní Nàìjíríà, àwọn àgbàlagbà ṣì ń rántí àwo orin rẹ̀, pàápàá jù lọ àwọn orin Kérésìmesì. Ní ọdún 1964, òun àti Dottie jọ kọ orin Love Is No Excuse, ó sì wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ orin kọ́ńtírì ti ìwé ìròyìn Billboard. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra wọn: ọkùnrin náà ti kọ orin tí obìnrin náà ṣe, kí obìnrin náà tó bá a dúró sídìí maikirofóònù. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹlòmíràn kì í ṣe elégbè onítọ̀hún.

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1964 yẹn kan náà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí Reeves ń wà fúnra rẹ̀ já lulẹ̀ nítòsí Nashville, ó sì kú. Ní ọdún yẹn náà ni àwo Here Comes My Baby jáde, èyí tí Dottie àti Bill tún jọ kọ. Orin yìí ni ó fi gba àmì ẹ̀yẹ Grammy ní ọdún 1965, òun sì ni obìnrin olórin kọ́ńtírì àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Wọ́n tún gbà á sínú Grand Ole Opry, ètò orin orí rédíò tí Nashville ti ń ṣe láti ọdún 1925, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò tíì dé ibì kan lójú àwọn olórin kọ́ńtírì.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ó ṣòro ju bí ó ti ń dún létí lọ. Ibi tí ohùn ọkùnrin ti ń dùn kọ́ ni ti obìnrin ti ń dùn. Bí wọ́n bá gbé orin sí ipò tó bá ọkùnrin mu, obìnrin yóò sọ̀ kalẹ̀ ju bí ó ti fẹ́ lọ, tàbí kí ó gòkè títí ohùn rẹ̀ yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, ọ̀kan nínú wọn ní láti fi ibi tí ó ti tayọ sílẹ̀. Wọ́n tún ní láti jọ mí papọ̀, kí wọ́n jọ parí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn tó ń gbọ́ sì gbà pé ìfẹ́ tàbí ìjà tí wọ́n ń kọ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ohùn Dottie dára fún èyí: ó lágbára nísàlẹ̀, ó sì ní ìhá díẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó pòórá sínú ohùn ọkùnrin. Ó fi hàn pẹ̀lú Don Gibson ní ọdún 1969, nígbà tí orin wọn Rings of Gold gun àtẹ dé ipò kejì.

Ní ọdún 1973, orin kan tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ti ìpolówó Coca-Cola, Country Sunshine, tún gbé orúkọ rẹ̀ ga. Lẹ́yìn èyí, ọjà rẹ̀ dẹ̀. Ó fi RCA sílẹ̀, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ United Artists, níbi tí Larry Butler ti ń darí gbígba orin òun àti ti Kenny Rogers. Wọ́n máa ń sọ pé Rogers dé sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ nígbà tí Dottie ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pé ó gbọ́ orin tó ń kọ, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá a kọ ọ́. Orin náà ni Every Time Two Fools Collide. Ní ọdún 1978, ó dé ipò kìíní. Dottie ti pé ẹni ọdún 45, kò sì tíì dé ipò yẹn rí láti ìgbà tí ó ti ń kọrin. Wọ́n tún dé ibẹ̀ ní ọdún 1979 pẹ̀lú All I Ever Need Is You. Ẹgbẹ́ àwọn olórin kọ́ńtírì, CMA, fi wọ́n ṣe olórin méjì tó tayọ jù lọ ní ọdún méjèèjì.

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣi ìtàn náà sọ. Wọ́n a ní Rogers ló fà á gòkè. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló fa ara wọn. Àárín orin rọ́ọ̀kì ni Rogers ti wá. Ọdún 1977, pẹ̀lú Lucille, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè gidi láàárín àwọn olórin kọ́ńtírì. Ọdún mẹ́tàlá ni Dottie ti lò nínú Opry ní tirẹ̀ nígbà náà. Ọkùnrin náà mú èrò tuntun wá. Obìnrin náà sì fi orúkọ tí ó ti lò pẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lójú àwọn onílé. Ó sì tún dá dúró: A Lesson in Leavin' dé ipò kìíní ní ọdún 1980, láìsí ohùn ọkùnrin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Are You Happy Baby? sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1981.

Ó tún ní ìwà kan tí àtẹ kì í kà. Larry Gatlin jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà tí Dottie sanwó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ wá sí Nashville, tí ó sì kọ àwọn orin rẹ̀. Steve Wariner jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ó gbà á sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti máa ta gìtá. Àwọn méjèèjì di olórin ńlá.

Ní ọdún 1981, òun àti Rogers tún jọ dé ipò kìíní pẹ̀lú What Are We Doin' in Love. Ní ọdún yẹn kan náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Shelly West, àti David Frizzell dé ipò kìíní pẹ̀lú You're the Reason God Made Oklahoma. Ìyá àti ọmọ, lọ́dún kan ṣoṣo, nínú irú iṣẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Àwo rẹ̀ kò tà mọ́, gbèsè wọlé, owó orí tí kò san sì ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1990, ó lọ sí ilé ẹjọ́ láti sọ pé apá òun kò ká gbèsè náà mọ́. Wọ́n gba ilé rẹ̀. Ní ọdún 1991, àwọn agbowó-orí ìjọba lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún náà, ó ní orin láti kọ ní Opry, ọkọ̀ rẹ̀ sì kú lójú ọ̀nà. Aládùúgbò rẹ̀ kan, bàbá ẹni ọdún 81, gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ti ń pẹ́, Dottie sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sáré. Níbi tí ọ̀nà ti yà sí Opryland, ọkọ̀ náà fò kúrò lórí títì. Dottie West kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, nígbà tí àwọn dókítà ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni ọdún 58 ni.

Ilé kan wà ní Nashville tí wọ́n ń pè ní Country Music Hall of Fame, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn olórin kọ́ńtírì tí wọn kò fẹ́ kí a gbàgbé. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí a dárúkọ pé wọ́n bá a kọrin ti wọ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀: Jim Reeves ní ọdún 1967, Don Gibson ní ọdún 2001, Kenny Rogers ní ọdún 2013. Ti Dottie West kan ní ọdún 2018.